Ìbọn Ti Dún, Ẹ Mú Ìgbálẹ̀ Wá

Ní ìlú wa, Òkè-Àgbọ̀n, bí ẹnìkan bá ń fọ́nnu ju bó ti yẹ lọ, àgbà kan á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìbọn ti dún, ẹ mú ìgbálẹ̀ wá." Àlejò á máa wò wá lẹ́nu. Kí ló kan ìgbálẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìbọn? Ṣé ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbá ni? Ẹ fìdí kalẹ̀, kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ẹfọ̀n kan ló pa Ọdẹ́yẹmí, ọdẹ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìbọn rẹ̀ dún, gbogbo oko ló gbọ́ ọ, àmọ́ awọ lásán ni ọta họ lára ẹran náà. Ẹfọ̀n bá yíjú padà sí i. Àwọn ará ìlú ní ayé ló ṣe é. Ọdẹ́rìndé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ò gbà.

"Ẹ fi ayé sílẹ̀ jàre," ló wí. "Ẹ̀tù tó rọ sínú ìbọn ló kéré."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Olúọdẹ Ọdẹ́gbàmí, olórí àwọn ọdẹ wa, wọra, nítorí òun ló kọ́ olóògbé níṣẹ́. Láyé ìgbà náà, àtẹ́lẹwọ́ ni àwọn ọdẹ wa fi ń wọn ẹ̀tù. Ẹni tó bá fi nǹkan mìíràn wọ̀n ọ́n, wọ́n á ní kò tíì mọṣẹ́.

"Ó ti tó ogójì ọdún tí ọwọ́ mi ti mọ ẹ̀tù," ni Olúọdẹ wí. "Lọ́la, èmi ni n ó ṣíwájú lọ bá ẹfọ̀n yẹn. Kí o wá bá mi wọ̀n ọ́n níbẹ̀!"

Àwọn ọdẹ bú sẹ́rìn-ín. Ọdẹ́rìndé ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ẹnìkan ni, kò sì fẹ́ sin ẹlòmíràn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àtẹ́lẹwọ́ kì í wọn ẹ̀tù dọ́gba. Ẹ kọ́kọ́ yin ìbọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbí. Bí kò bá rí bí mo ṣe wí, ẹ gba ìbọn lọ́wọ́ mi títí ayé."

Wọ́n gbé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù mẹ́fà nàró. Olúọdẹ bu ẹ̀tù sí àtẹ́lẹwọ́, ó dà á sínú ìbọn, ó kì í, ó yìn ín. Èrò hó yèè. Ó tún yìn ín lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, ilẹ̀ ń mì. Wọ́n ti ń kí i kú oríire.

"Ìbọn ti dún," ni Ọdẹ́rìndé wí. "Ẹ mú ìgbálẹ̀ wá."

Ó ń fa ẹyọ ìgbálẹ̀ yọ, ó ń tì í bọ ihò tí ọta dá sára ìtí kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi kan ọta, á wá ṣẹ́ ẹ ní ẹnu ihò. Èkíní gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Èkejì ò ju oríkèé ìka kan lọ. Ẹ̀kẹta wà láàárín.

Òun alára wá fi ìkarahun ìgbín kékeré bu ẹ̀tù tirẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀ kó lè dọ́gba, ó sì yìn ín, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbọn rẹ̀ ò tilẹ̀ dún tó ti Olúọdẹ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n to ẹyọ ìgbálẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan ò ju ọ̀kan lọ.

Olúọdẹ mú èyí tó kúrú jù nínú tirẹ̀, ó ń wò ó. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Irú èyí ni Ọdẹ́yẹmí yìn lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ. Ọdẹ́rìndé, wá bá mi wọn ti ọ̀la."

Lọ́jọ́ kejì, ìbọn kan péré ló gbé ẹfọ̀n náà ṣubú. Nítorí náà, bí ẹ bá fọ́nnu lọ́dọ̀ wa, tí àgbà kan ní, "Ìbọn ti dún, ẹ mú ìgbálẹ̀ wá," ẹ má bínú. A ti gbọ́ ariwo. Ibi tí ọta wọlé dé la fẹ́ mọ̀.