Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè
Òyìnbó amúnisìn ní Íńdíà ju ọkọ Yamuna sẹ́wọ̀n, wọn ò sì sọ fún un bóyá ó kú tàbí ó yè. Yamuna wá ṣáájú ìlú, wọ́n ń dáná sun aṣọ òyìnbó láti fi kọ ìjọba wọn, ni ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó bá dá a dúró lọ́jà: "Dárúkọ ẹni tó rán yín, tàbí kó o lọ sẹ́wọ̀n!" Yamuna fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn: "Bàbá Suman, ọkọ mi ni. Nílẹ̀ wa, bí ìyàwó bá pe orúkọ ọkọ, ẹ̀mí ọkọ á kúrú." Ọ̀gá bi àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ pé, "Ta ni Bàbá Suman?" Ọlọ́pàá kan ní, "Gopal ni, sà." Ọ̀gá jágbe mọ́ Yamuna: "Òpùrọ́ obìnrin! Gopal tó kú sẹ́wọ̀n wa lẹ́ẹ̀rùn ló rán yín?" Yamuna bọ́ ẹ̀gbà dígí ìyàwó lọ́wọ́, ó fọ́ ọ mọ́lẹ̀ bí opó ilẹ̀ wọn ti ń ṣe. "Orúkọ náà ti ṣeé pè wàyí. Ta ló pa Gopal? Ẹ dá mi lóhùn."