Adérọ̀gbà Kọ́ Ló Kọ́kọ́ Fò

Adérọ̀gbà ni atukọ̀ tó mọ odò jù ní Èbúté Àwọ̀n. Lọ́jọ́ kan, ìjì ká ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ tòun tèrò. Gbogbo èrò ló gúnlẹ̀ láàyè, títí kan Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Adérọ̀gbà nìkan ni odò gbé lọ.

Lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ, ọkùnrin kan tó ń ṣe sinimá, ti ìlú ńlá dé. Ó ní òun ti ya ìtàn náà, òótọ́ pọ́ńbélé ni, ó sì ní kí ará ìlú wá kọ́kọ́ wò ó ní gbọ̀ngàn kí òun tó máa gbé e káàkiri. Inú Àwẹ̀ró, tó ti darúgbó, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Àwẹ̀ró báyìí, dùn dé ẹ̀yìn. Ó wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó lọ jókòó síwájú.

Àṣé ẹ̀tẹ́ ló lọ wò. Nínú sinimá, Adérọ̀gbà jókòó síwájú ọkọ̀, ó ń fi àjẹ̀ wa omi. Bí ìjì ṣe dé, ó fò sí èbúté, ó sá lọ, ó fi èrò sílẹ̀.

"Àṣé ojo ni!" ni ẹnìkan wí lẹ́yìn.

Ìyá Àwẹ̀ró fò dìde. "Ẹ pa sinimá yẹn! Irọ́ ni!"

"Ẹ ṣe sùúrù, Màmá," ni Bádéjọ wí. "Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ló rò ó fún wa."

"Ta ló mọ̀ ọ́n ju èmi tí mo mu nínú omi ọjọ́ náà? Ìdí ọkọ̀, lẹ́yìn gbogbo èrò, ni atukọ̀ tiwa ń dúró sí. Iwájú ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Orí ta ni bàbá mi gbà fò kọjá?"

"Ìyẹn ò tó nǹkan, Màmá. Kí èèyàn lè rí ojú rẹ̀ dáadáa la ṣe gbé e síwájú."

"Kò tó nǹkan? Orúkọ bàbá mi lo ń bà jẹ́ yẹn! Ó yá, bọ́ sódò. Wa ọkọ̀ bí o ṣe ní kí wọ́n wà á. Bó bá débì kan, mo gbà pé ojo ni bàbá mi."

Gbogbo ìlú tú dà sétí odò. Ojú ti Bádéjọ láti kọ̀. Ó jókòó síwájú ọkọ̀, èrò mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó wà á títí, òógùn bò ó, ọkọ̀ kàn ń pòyì lójú kan bí adìẹ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni. Ìyá Àwẹ̀ró wọ́ omi lọ bá wọn, ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gun ìdí ọkọ̀, ó sì tù ú tààrà dé èbúté. Bádéjọ ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, àwọn èrò tẹ̀ lé e. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ìyá arúgbó náà ṣì dúró lórí omi ní ìdí ọkọ̀, òun nìkan ṣoṣo.

Bádéjọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Màmá. Ẹnikẹ́ni ò ní wo sinimá yẹn mọ́. Màá tún un yà. Ohun tí mo gbọ́ ni mo ṣe."

"O gbọ́ ọ lóòótọ́," ni Ìyá Àwẹ̀ró wí. "Ṣùgbọ́n o ti wá rí i báyìí."

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ìròyìn kò tó àfojúbà.