Àpótí Rẹ́kọ́ọ̀dù Láoyè

Láoyè fẹ́ràn sákárà débi pé bí rẹ́kọ́ọ̀dù bá ti ń yí, oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n látọjọ́ tó ti gbọ́ sípíkà ńlá nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò gbọ́ orin mọ́. Ariwo játijàti inú ẹ̀rọ tirẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ló bá pe oníṣòwò kan pé kó wá fi sípíkà pààrọ̀ àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù òun.

Bí ọkùnrin náà ṣe gbé sípíkà wọlé, Mojírọ́lá, ìyàwó Láoyè, jókòó lé àpótí náà. Orin inú rẹ̀ ni Láoyè fi fẹ́ ẹ.

"Dìde, Ìyá Ṣèyẹ."

"N ò dìde. Ẹ kúkú gbé èmi náà mọ́ ọn."

Oníṣòwò rẹ́rìn-ín. "Màmá, pẹ̀lú sípíkà yìí, ẹ ó máa gbọ́ bí akọrin ṣe ń mí."

"Akọrin wo? Ẹni tí ẹ fẹ́ gbé lọ yìí?" Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ṣèyẹ, ẹni tó ru ẹran erin kì í fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Ìrẹ̀ dùn lóòótọ́, àmọ́ kí la fẹ́ fi ṣe bí ẹran bá ti já bọ́?"

Láoyè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó nawọ́ sí àpótí náà.

"Sún díẹ̀, kí n mú rẹ́kọ́ọ̀dù kan níbẹ̀ ká gbọ́."

Mojírọ́lá ò mira. "Kí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ gbé sípíkà rẹ̀ jáde ná."