Igba Ìwé Tí Ehoro Kà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi kò yà sóko, kò yà sọ́jà, yàrá Ehoro ló já sí.

Ní ìgbà kan rí, Ehoro fẹ́ràn ìwé rírà bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn àkàrà gbígbóná. Bó bá rí ìwé tuntun, á rà á, á gbóòórùn rẹ̀, á tò ó sórí pẹpẹ. Ó parí. Bó bá ṣèèṣì ṣí ọ̀kan, “a, b, d” ni yóò pè, oorun á sì gbé e lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ṣé ẹ ti parí ìwé tí wọ́n rà fún yín lọ́dún tó kọjá?

Lọ́jọ́ kan, Kìnnìún ọba kéde pé ẹni tó bá ka ìwé jù ni òun yóò fi ṣe Akọ̀wé ìlú. Akọ̀wé kì í roko, ará ìlú ló ń bọ́ ọ. Kò sì sí ohun tí Ehoro kórìíra tó ọkọ́. Ó sáré wọlé, ó ń nàka sí pẹpẹ: “Ení, èjì, ẹ̀ta…”

Ó padà sáàfin. “Kábíyèsí, igba ìwé ni mo kà!”

Ẹnu ya ọba. Ìgbín ní ẹyọ kan péré ni òun kà, ọdún méjì ni òun sì fi kà á. Gbogbo ẹranko bú sẹ́rìn-ín. Bí Ehoro ṣe di Akọ̀wé nìyẹn.

Kò pẹ́, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Erin, tó ń gbé lápá òkè odò. Ehoro wò ó títí, kò lè kà á. Ni ọ̀kánjúwà bá kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ fún ará ìlú.

“Erin ní kí gbogbo yín kó iṣu yín wá sílé Akọ̀wé!”

Etí odò nilé Ehoro wà. Wọ́n kó iṣu dé, ilé kún, Ehoro ń fọwọ́ pa ikùn. Ìgbín ló dé kẹ́yìn. Ó rí lẹ́tà nílẹ̀, ó kà á, ó figbe ta.

“Ẹ gbà wá o! Erin ní odò ń kún bọ̀! Ó ní ká kó iṣu wa gun orí òkè!”

Wọ́n gbé iṣu, ó di eré. Ehoro ń ké pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ru ìwé mi!” Ta ló máa dúró? Omi gbá gbogbo rẹ̀ lọ.

Lórí òkè, ọba fajú ro. “Ehoro, ṣebí o ní o ka igba ìwé?”

“Kábíyèsí, mo kà wọ́n! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tiẹ̀ kà wọ́n, kí n má baà ṣì wọ́n kà.”

Ìgbín ni wọ́n fi ṣe Akọ̀wé lọ́jọ́ náà. Ehoro gba ọkọ́, ó forí lé oko.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ìwé orí pẹpẹ kì í ṣe ìwé inú orí. Ẹni tó bá rà á, kó ṣí i.