Panumọ́ Tí Wọ́n Rán sí Àwẹ̀ró

"Ojú lọ̀rọ̀ wà." Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí nínú yín? Ọmọ tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń pa á pé níbo ló ti ṣẹ̀ wá, ẹ ó rí i pé á bẹ̀rẹ̀ sí í họrí. Àwọn kan ní nítorí pé ojú kì í lè purọ́ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Èyí tí èmi gbọ́, ìdí irun dídì ni wọ́n ti pa á, níbi tí àwọn obìnrin ti ń sọ òtítọ́ fún ara wọn nítorí pé ẹnì kankan kò lè dìde lọ.

Ìlú kékeré méjì wà tí oko àgbàdo pààlà sáàárín wọn, Ìṣàgbé àti Agbèdó. Ní Ìṣàgbé, onídìrí kan wà tí gbogbo agbègbè mọ̀, Ìyá Gbádébọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ mọ bí a ṣe ń dirí nílẹ̀ wa: ẹni tí à ń dirí fún á jókòó sílẹ̀, á kẹ̀yìn sí onídìrí, orí rẹ̀ á wà láàárín orúnkún ẹni náà. Ọ̀pọ̀ onídìrí ló jẹ́ pé ìpàkọ́ oníbàárà ni wọ́n mọ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Ìyá Gbádébọ̀ kì í ṣe irú wọn. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí o ní, "Ẹ di ṣùkú fún mi, ó yẹ ìyàwó ilé kejì wa," kò ní fọwọ́ kan òòyà. Á ní, "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Yíjú sí mi." Á di àgbọ̀n rẹ mú, á wò ọ́ lọ, á wò ọ́ bọ̀. Bí ojú rẹ bá rí roboto, á di ṣùkú fún ọ, kí irun ga lókè orí, kí ojú lè gùn díẹ̀. Bí ojú rẹ bá gùn tẹ́lẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ayé kan kò lè mú kó gbé irun lé e lórí mọ́. Àwọn oníbàárà a máa kùn nígbà tí wọ́n bá ń lọ, wọn a sì tún padà wá.

Gbádébọ̀ àkọ́bí rẹ̀ fẹ́ fẹ́ ọmọ ahunṣọ kan ní Agbèdó, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Àwẹ̀ró lẹ́wà, ó sì lẹ́nu. N kò pè é ní aláròká o. Ó kàn jẹ́ ọmọ tó jẹ́ pé bó bá wọlé, ilé á mọ̀ pé èèyàn wọlé. Lọ́jọ́ ìtọrọ, àwọn ìyàwó ilé ọkọ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà sì ń dá a padà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí àwọn àgbà fi ń fọwọ́ nu omijé ẹ̀rín. Inú Ìyá Gbádébọ̀ dùn sí i dé ìdí. Ohun kan péré ni kò bá a lára mu: wọ́n ti di ṣùkú gàgàrà sórí ọmọ tí ojú rẹ̀ gùn, ojú ọmọ sì kàn ń lọ sókè ni. Ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ níbẹ̀. A kì í dé ilé àna ká máa bú irun tí ìyá ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ dì.

Ìgbéyàwó wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọdún ń bọ̀ nígbà náà, obìnrin kún ẹnu ọ̀nà Ìyá Gbádébọ̀ bámúbámú, kò ráyè rin ìrìn Agbèdó. Ó wá rí Làmídì, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń lọ ra obì níbẹ̀.

Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yà lọ́dọ̀ àwọn àna wa. Ẹ sọ fún Àwẹ̀ró pé panumọ́ ni kó ṣe. Ojú rẹ̀ gùn, iwájú orí rẹ̀ sì yọ. Ṣùkú tó ṣe lọ́jọ́ ìtọrọ kò yẹ ẹ́."

Panumọ́ jẹ́ irun tí wọ́n ń dì láti iwájú lọ sẹ́yìn, tí wọ́n sì tún ń dì láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, títí méjèèjì á fi pàdé láàárín orí bí ètè méjì tó pa dé. Kì í ga, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ẹni tí ojú rẹ̀ gùn. Gbogbo obìnrin Ìṣàgbé ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Agbèdó náà ń dì í, ṣùgbọ́n pàdé-láàárín ni wọ́n ń pè é ní tiwọn.

Ní ti Làmídì, abẹ ni gbogbo ohun tó mọ̀ nípa irun. Orí rẹ̀ ń dán láti ọdún dé ọdún. Kó tó dé Agbèdó, ṣùkú ti jábọ́ lọ́kàn rẹ̀. Ó débẹ̀, wọ́n fún un lómi, ó mu ún, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tó kù.

"Àwẹ̀ró, ìyá ọkọ rẹ kí ọ. Ó ní kí o panu mọ́. Ó ní ojú rẹ gùn, iwájú orí rẹ sì yọ. Èyí tó o ṣe lọ́jọ́ ìtọrọ yẹn, ó ní kò yẹ ọ́."

Òun náà gbọ́ ọ létí ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́. Làmídì fi iṣẹ́ ọmọ jẹ́ tẹrú, ó gbé àpò rẹ̀, ó wá obì rẹ̀ lọ.

Kí ni Àwẹ̀ró ṣe lọ́jọ́ ìtọrọ tó tún ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ? Ọkàn rẹ̀ kò lọ sọ́dọ̀ irun rárá. Ìtìjú mú un, ó dùn ún wọ egungun. Ìyá rẹ̀ fò sókè: "Wọn ò tíì mú ọmọ mi délé, wọ́n ti ń pa á lẹ́nu mọ́! Wọ́n tún ń bú ojú tí Olódùmarè fún un!" Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró fẹ́ràn Gbádébọ̀. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnu mi ni wọn ò fẹ́, n ó pa á mọ́. Gbádébọ̀ ni èmi fẹ́."

Láti ìgbà náà ni kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá kí i, á kúnlẹ̀, á tẹrí ba. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á fi orí dáhùn. Ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá rẹ̀ á máa hunṣọ lábẹ́ òrùlé, á dáwọ́ dúró, á tẹ́tí, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ọkùnrin náà fara dà á títí, nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó ní ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ sọ ọmọ òun di odi, òun kò fi ọmọ fún wọn níbẹ̀. Ó kó ẹrù tí wọ́n gbé wá tọrọ ọmọ, oyin, orógbó, ataare, ó fi iṣu tuntun dípò iṣu tí wọ́n ti jẹ nínú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n lọ kó o fún wọn ní Ìṣàgbé.

Sùwébátù aláta ni Ìyá Gbádébọ̀ ń dirí fún nígbà tí ẹrù náà balẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó rù ú kò jókòó. Wọ́n kàn ní bàbá Àwẹ̀ró ní òun kò ṣe mọ́. Òòyà bọ́ lọ́wọ́ onídìrí. Kò bá Gbádébọ̀ sọ ọ́, kò pe ẹbí, kò sì ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó di Agbèdó. Sùwébátù fa gèlè borí, ó tẹ̀ lé e, nítorí ọ̀rẹ́ ni wọ́n, àti nítorí pé orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Wọ́n bá bàbá Àwẹ̀ró lórí òfì. Ìyá Gbádébọ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin àna mi, kí ni mo ṣe?"

Bàbá kò wo ẹ̀yìn. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ránṣẹ́ panu mọ́ sí ọmọ mi?"

"Èmi ni mo ránṣẹ́ panumọ́."

"Ó tún jẹ́wọ́!" Bàbá ju ọkọ̀ ìhunṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró ti jáde wá nígbà náà, ó ń wá ẹni tí yóò bínú sí. Gèlè Sùwébátù yọ̀, ìdajì orí rẹ̀ tó wà ní títú hàn síta. Ìyá Àwẹ̀ró kọjú sí i. "Ìwọ náà ńkọ́? O ò lè jẹ́ kí wọ́n parí pàdé-láàárín rẹ kó o tó wá bú wa?"

Sùwébátù fọwọ́ kan orí. "Pàdé-láàárín kẹ̀? Panumọ́ ni mò ń dì. Ẹnu rẹ̀ ni kò tíì pa dé."

Ìyá Àwẹ̀ró wo orí Sùwébátù, ó wo Ìyá Gbádébọ̀, ó wá ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Irun ni?"

"Kí ni mo tún mọ̀ ju irun lọ, àna mi?"

Ẹ̀rín bú jáde. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi òfì mú. Àwẹ̀ró nìkan ló dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, tí kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Gbádébọ̀ rí i, ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó ní kó wá. Àwẹ̀ró wá, ó sì kẹ̀yìn sí i bí wọ́n ṣe ń jókòó dirí.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, aya mi. Yíjú sí mi." Ó di àgbọ̀n rẹ̀ mú. Ojú ọmọ náà wú, ó pọ́n. "Mo sọ pé ojú rẹ gùn. Ó gùn lóòótọ́. Tèmi rí bí igbá, mi ò sì sọ ọ́ nù. Ojú gígùn kò burú, irun tó ga ló ń bà á jẹ́."

Nígbà náà ni Àwẹ̀ró lanu. Ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ ò rí ojú mi nígbà tí wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún mi. Ká ní ẹ rí i ni, ẹ ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí."

Ọwọ́ Ìyá Gbádébọ̀ bọ́ sílẹ̀ lágbọ̀n rẹ̀. "Òótọ́ lo sọ," ó ní. "Èmi tí n kì í fọwọ́ kan irun láìwo ojú, èmi ni mo sọ̀rọ̀ láìwo ojú. Má bínú, ọmọ mi. Èmi ló yẹ kí n wá."

Ó di irun náà fún un lójú ẹsẹ̀, ìyá Àwẹ̀ró ń bá a fi òrí pa irun. Kí wọ́n tó dì í kan ìpàkọ́, Àwẹ̀ró ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi gèlè Sùwébátù ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá padà sórí òfì rẹ̀, ó ń hunṣọ, ó ń gbọ́ wọn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó rọra.

Ọ̀rọ̀ onídìrí ni "ojú lọ̀rọ̀ wà" tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Agbèdó ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn. Àwọn àgbà ń pa á nígbà tí ohun tó wà láàárín ẹni méjì bá ti wúwo ju ohun tí a lè fi rán ẹlòmíràn lọ. Wọ́n ń pa á fún tọkọtaya, fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, fún àna àti àna. Lóde òní tí ọ̀rọ̀ ń gba inú fóònù kọjá, tí èèyàn ń bínú sí ohun tí ẹnì kejì kò sọ, wọ́n ṣì ń pa á. Bí àgbà bá sọ ọ́ fún ọ, kì í ṣe ìtàn ló ń pa fún ọ. Ó ń sọ fún ọ pé kí o dìde, kí o lọ bá ẹni náà, kí o sì máa wo ojú rẹ̀ bí o ti ń sọ̀rọ̀.