Igbó Wọ́n-Ní àti Ìfé Ọdẹ́ṣínà

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé tí erùpẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ yín, mo kí yín. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ pọn ọmọ, tí oorun ń kùn yín, tí ẹ sì tún fẹ́ gbọ́ ìtàn, ẹ kú ìnira. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé iṣẹ́ ọdẹ ti tán láyé, ẹ kúkú jókòó, mi ò bá yín jà. Ọdẹ́yalé ni orúkọ mi, ọmọ bíbí Òkè-Ayùnrẹ́, ìlú tó kọ ẹ̀yìn sí òkè tó kọjú sí odò, níbi tí a ti ń fi ẹran ìgbẹ́ ṣe àlejò kí a tó bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Ìbọn tí ẹ rí lára ògiri yẹn dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti ẹran tí mo pa, ti ènìyàn tí mo wá tí mi ò rí ni, mo sì tún wá a láàárọ̀ yìí nígbà tí mo jí.

Ọdẹ́ṣínà ni ẹni náà. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń wọ igbó láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù wá. Ó ga, apá rẹ̀ gùn, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, débi pé ọ̀rọ̀ náà kì í jáde mọ́. Bí a bá sun iṣu nínú igbó, ibi tó jóná ni yóò ní kí n fi sílẹ̀ fún òun, yóò máa ha á jẹ, ẹnu rẹ̀ yóò dúdú, a ó sì jọ máa rẹ́rìn-ín ẹnu dúdú náà títí a ó fi dé ilé.

Ẹ jẹ́ kí n la ohun kan yé ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ. Ọdẹ kì í dáhùn orúkọ rẹ̀ nínú igbó. Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́yìn igi, ohùn náà ìbáà jẹ́ ti ìyá tó bí ọ, o kò gbọdọ̀ dá a lóhùn, torí ohun tó ń pe ènìyàn nínú igbó pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló ní ẹsẹ̀. Nítorí náà, ọdẹ méjì tó bá jọ ń rìn ní láti ní ìfé tiwọn tí wọ́n fi ń pe ara wọn. Tiwa nìyí: kúkúrú méjì, gígùn kan tó ń rọra wálẹ̀ níparí bí ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀. Fìì, fìì, fìyẹ̀ẹ̀ẹ̀. Ẹ rí i pé ètè mi kò tíì gbàgbé.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, sọ̀bìà mú mi lẹ́sẹ̀, ó dá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé mi. Ọdẹ́ṣínà yà kí mi lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun nìkan ló máa dá lọ sí òdìkejì odò, ó ní bí òun bá pa ẹran, itan rẹ̀ kan di tèmi. Mo ní kó má pẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sọ nǹkan, ẹ̀rín kò jẹ́ kó sọ ọ́, ó bá lọ. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ sọ títí di òní.

Kò padà wálé. Ni ìlú bá tú jáde, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n gba ẹ̀yìn odò lọ, wọ́n ń lu agogo, wọ́n ń ké e kíkankíkan pé, "Ọdẹ́ṣínà o, Ọdẹ́ṣínà o." Mo ń gbọ́ wọn láti ibi tí mo jókòó sí, inú mi ń bàjẹ́, torí mo mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá wà lábẹ́ igi tó wà níwájú wọn gan-an, bó bá ṣe ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni yóò máa fara pamọ́ sí i. Mo ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n súfèé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó le tó báyìí ti kọjá ti ìfé. Àwọn ọdẹ tó wà láàárín wọn mọ èèwọ̀ náà, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ pa odidi ìlú lẹ́nu mọ́?

Nígbà tó rẹ ẹsẹ̀ wọn, ẹnu wọn gba iṣẹ́ náà. Láyíwọlá onígbàjámọ̀, tí kì í fá orí láìdá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ní wọ́n ní Ọdẹ́ṣínà wà ní Kùmásí, ó ń dé fìlà àrán. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ ní wọ́n ní odò ló gbé e lọ, wọ́n rí ẹ̀wù rẹ̀ lójú omi. Àwọn kan ní wọ́n ní ó ti fẹ́ ìyàwó sí abúlé kan, ó ti di ọlọ́mọ. Wọ́n ní, wọ́n ní. Bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè "wọ́n" yìí títí, ẹ kò ní rí ojúlé rẹ̀. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá jáde síta, ọ̀rọ̀ a máa dáwọ́ dúró. Wọ́n ti ń sọ pé Ọdẹ́yalé mọ nǹkan nípa rẹ̀. Wọ́n ní sọ̀bìà wo gan-an ló ń ṣe é?

Àwẹ̀ró, ìyá Ọdẹ́ṣínà, kò bá wọn sọ ọ́. Bí ẹnìkan bá gbé tirẹ̀ dé, yóò bu omi fún un, yóò gbọ́ ọ tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò sì bi í: "Ǹjẹ́ ó ń jẹun?" Ẹni náà yóò wolẹ̀, yóò mu omi rẹ̀, yóò sì wá ọ̀nà àbáyọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, Olúọdẹ, Baba Ọdẹ́tọ́lá, pe gbogbo wa jọ. Ó ní bó bá jẹ́ pé Ọdẹ́ṣínà ti kú, kò yẹ kí a fi í sílẹ̀ kó máa rìn kiri láìsí ìsinmi, nítorí náà a ó ṣe ìṣípà rẹ̀. Ìṣípà ni ohun tí àwa ọdẹ máa ń ṣe fún ẹgbẹ́ wa tó bá kú. A ó kó ẹ̀wù àti àpò rẹ̀ wọ ère, a ó gbé e lọ sí oríta inú igbó, a ó sọ fún un pé ó ti kúrò lẹ́gbẹ́ wa. Bí a bá ti ṣe é tán, ẹni tó bá fi ojú ẹni náà yọ lẹ́yìn odi, òkú ni, a kì í ṣílẹ̀kùn fún un.

Àwẹ̀ró wá bá mi lọ́jọ́ kejì. Kò jókòó. Ó ní, "Ọdẹ́yalé, ọmọ mi, mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ ti ń gbé ọ. Bá mi lọ wò ó. Bó bá ti kú, jẹ́ kí n mọ̀ kí n lè sunkún, torí ẹkún ti há sí mi lọ́fun. Bó bá wà láàyè, mi ò fẹ́ kó dé kó bá ilẹ̀kùn ní títì." Mo ní, "Ìyá, mo ti gbọ́." Mo lọ bẹ Olúọdẹ pé kó dúró dè mí, ó gbà, mo sì gbé ìbọn mi.

Mo la odò kọjá, mo kọjá oko àkùrọ̀, mo kọjá ibi tí ọ̀nà ọdẹ parí sí, mo sì dé ẹnu igbó kan tí mi ò rí rí. Túùkú arúgbó kan ló dúró síbẹ̀, eyín rẹ̀ kan ti kán. Mo na ìbọn sí i. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, ọdẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹran ara mi ti yi, kò ní jinná fún yín."

Mo ní, "Ẹ kú ilé o, bàbá. Ibo ni mo dé yìí?"

Ó ní, "Igbó Wọ́n-Ní ni. Ohunkóhun tí ẹ̀yin ará ilé bá fi wọ́n-ní sọ, tí ẹ kò fojú rí, ibí ló ń wá gbé. Ta ni ẹ ń wá?"

Mo ní Ọdẹ́ṣínà ni. Túùkú náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Èwo nínú wọn? Wọ́n ti pọ̀ jù. Wọ́n ti wú gbogbo iṣu ẹ̀gàn ibí tán, ojoojúmọ́ sì ni ìlú yín ń rán òmíràn wá."

Mo wọ inú igbó náà. Èkíní tí mo kọ́kọ́ rí jókòó sórí gbòǹgbò igi, ojú Ọdẹ́ṣínà gan-an ni, mo fẹ́ sáré dì mọ́ ọn. Ìgbà tí mo súnmọ́ ọn ni mo rí i pé fìlà àrán nìkan ló wà lára rẹ̀, ó fi ewé bo ìdí. Mo súfèé wa. Ó wò mí, ó ní, "Kí ni ìyẹn?" Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Bí mo ṣe ń lọ, ó ń ké tẹ̀ lé mi pé, "Ẹ bá mi sọ fún Láyíwọlá o, bó bá tún ń sọ̀rọ̀ mi, kó jọ̀ọ́ kó fi ṣòkòtò sí i."

Èkejì kò ní ojú, kò ní ọwọ́, ẹ̀wù tútù lásán tó ń kán omi sílẹ̀ ló ń rìn kiri láàárín igi. Mo súfèé sí i, omi díẹ̀ dà jáde ní ọrùn rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta wà pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, àwọn ọmọ náà sì rọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kí n sọ àwọn lórúkọ, torí ẹni tó dá wọn kò sọ wọ́n lórúkọ. Àánú wọn ṣe mí. Mo sọ wọ́n lórúkọ kí n tó kọjá.

Níbi tí igbó ti dí jù, mo bá Ọdẹ́ṣínà kan tó dojú bolẹ̀, ojú ọgbẹ́ ìbọn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó dúró tì í gbé ìbọn mi lọ́wọ́, ó wọ ẹ̀wù mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì dá ṣáṣá, kò sí sọ̀bìà níbẹ̀. Èmi ni.

Mo ní, "Ta ló rán ọ wá?"

Ó ní, "Wọ́n ní."

Mo ní, "Ẹnu ta lo ti jáde?"

Ó ní, "Má béèrè. Ẹnu tó ń kí ọ kú àárọ̀ ni." Mo súfèé sí i, ó ká ètè rẹ̀ jọ láti dáhùn, ó fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ, kò dún. Ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ mi kiri kò mọ ìfé wa, kò sì lè fi ohun tí kò mọ̀ sínú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo dúró sí nígbà tí mo gbọ́ ọ lókèèrè. Fìì, fìì, fìyẹ̀ẹ̀ẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo sáré. Ẹsẹ̀ tí sọ̀bìà jẹ, mo fi í sáré, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi, mo ti ń ronú pé ilé ta ni a ó kọ́kọ́ yà, tèmi ni àbí ti ìyá rẹ̀. Mo súfèé, wọ́n dáhùn. Mo tún súfèé, wọ́n tún dáhùn, ó ti súnmọ́ tòsí. Mo yọ sí abẹ́ igi ńlá kan, mi ò rí ẹnìkan. Mo wòkè. Odídẹrẹ́ ló bà sórí ẹ̀ka, ìrù rẹ̀ pupa roro.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo ní, "Ta ló kọ́ ọ?"

Ó ní, "Ọkùnrin gíga kan ni. Ibi tí o jókòó sí yẹn ló jókòó sí, ó ń sú u, ó ń tẹ́tí, ó tún ń sú u. Ó ṣe é títí èmi àtàwọn ọmọ mi fi mọ̀ ọ́n. Ó dà bíi pé ó ń dúró de ẹnìkan."

Ẹ gbọ́ o. Ọdẹ́ṣínà mọ̀ pé mo jókòó sílé. Ó fojú rí ẹsẹ̀ mi, ó mọ̀ pé mi ò lè wá. Síbẹ̀ ó ń pè mí. Ohun tó dùn mí jù láyé mi nìyẹn, ó sì tún ń dùn mọ́ mi nínú.

Mo ní, "Níbo ló wá lọ?" Ẹyẹ náà ní, "Ó dìde lọ́sàn-án kan, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó gba ọ̀nà ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Èmi ò tẹ̀ lé e." Mo fẹ́ dìde, ni mo bá rántí Àwẹ̀ró. Mo ní, "Ǹjẹ́ ó ń jẹun?" Odídẹrẹ́ náà ní, "Ó ń jẹun. Iṣu ló ń sun. Ó jẹ ibi tó jóná, ó fún wa ní funfun rẹ̀."

Mo gba ọ̀nà tó júwe. Mo rìn títí igbó fi di koríko, koríko náà sì ga ju mí lọ, ó ń padé lẹ́yìn mi, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan. Mo súfèé títí ètè mi fi bẹ́. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo padà sílé.

Gbogbo ìlú ló pé jọ. Olúọdẹ bi mí pé, "Ó kú ni àbí ó wà láàyè?" Mo ní mi ò mọ̀. Inú wọn kò dùn, wọn kò dúró dè mí torí mi-ò-mọ̀. Mo wá sọ ohun tí mo rí, mo sọ ti ẹni tí kò ní ṣòkòtò, Láyíwọlá sì dorí kodò. Mo sọ ti èmi tí mo bá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò lè wò mí lójú. Olúọdẹ ní a kì í fi wọ́n-ní ṣe ìṣípà, a ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún Ọdẹ́ṣínà. Ó ní láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ wọ́n-ní lórí rẹ̀ mọ́.

Mo tọ Àwẹ̀ró lọ, mo ní, "Ìyá, ó ń jẹun. Ibi tó jóná ló jẹ." Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, Àwẹ̀ró wá bá mi, ojú rẹ̀ korò. Ó ní, "Ọdẹ́yalé, ẹ ti pa ọmọ mi lẹ́nu ìlú. Nígbà tí wọ́n ń purọ́ yẹn, mo ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ láràárọ̀. Nísinsìnyí, bí mo bá yọ, wọ́n á sọ ti òjò, wọ́n á sọ ti àgbàdo. Ó dà bíi pé mi ò bímọ rí." Ó jókòó tì mí. Ó ní, "Bá mi sọ ọ́. Má sọ ibi tó wà. Sọ ọ́ bó ṣe rí."

Mo sọ ti ẹnu dúdú fún un. Mo sọ ti ẹ̀rín tí kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Mo kọ́ ọ ní ìfé wa, ṣùgbọ́n eyín kò sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́, atẹ́gùn lásán ló ń jáde. Síbẹ̀, lọ́sàn-án gbogbo ni yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò kọjú sí odò, yóò máa fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ títí ó fi kú, a kò sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ títí di òní.

Nítorí náà ni mo ṣe pè yín jọ. Bí ẹnì kan bá sọnù mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ tí ẹ kò mọ̀ dá a, igbó yẹn ti kún. Ẹ má sì pa orúkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ sọ èyí tí ẹ fi ojú ara yín rí, ẹ sọ oúnjẹ tó fẹ́ràn, ẹ sọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ó tó báyìí, ẹ máa relé, kí ẹ bá àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ nílé ní pípé. Bí ẹ bá ń kọjá létí odò lọ́sàn-án, tí ẹ gbọ́ ìfé kúkúrú méjì, gígùn kan, ẹ má yára sọ pé ẹyẹ ni. Ẹ kọ́kọ́ dá a lóhùn ná.