Ìkòkò Epo Àwẹ̀ró

Nígbà tí Ògúnríndé alágbẹ̀dẹ kú ní ìlú Ìpọnrin, iná àgbẹ̀dẹ rẹ̀ bá a lọ. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, kó ọmọ owú, ẹ̀mú àti gbogbo irin iṣẹ́ olóògbé sínú ìkòkò epo pupa ńlá kan kí wọ́n má baà dípẹtà, ó sì ní kí wọ́n bá òun gbé e sórí àjà. Fadérera, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti bá ọkọ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ilé wá dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Àwẹ̀ró fi ń dá sọ̀rọ̀ kó lè gbọ́ ohùn èèyàn. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń yà kí i lọ́jọọjọ́ ọjà ni Ṣówándé, alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀. Wọn a jókòó, wọn a máa sọ̀rọ̀ olóògbé títí oòrùn á fi yẹ̀.

Ní àkókò náà, irin kì í gbélẹ̀ ní Ìpọnrin. Ọkọ́ ń sọnù lóko, ẹ̀wọ̀n ń sọnù lára ilẹ̀kùn. Ọba ti ṣòfin pé olè irin yóò fi ìlú sílẹ̀. Wọ́n lé ẹni méjì lọ, síbẹ̀ irin ò yé sọnù, nítorí pé irin tó bá ti wọ iná àgbẹ̀dẹ, kò sẹ́ni tó tún lè dá a mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró tètè ti odò dé. Ó bá epo tó kán sílẹ̀ láti abẹ́ àjà dé ẹnu ọ̀nà. Ó wòkè, kò rí ìkòkò. Ó tọ ipa epo náà lọ, àgbẹ̀dẹ Ṣówándé ló já sí. Géńdé kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jẹ́wálé ń fin ẹwìrì. Ọmọ owú Ògúnríndé ti pọ́n yòò nínú ẹyin iná.

"Ìyá Fadérera, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí," ni Ṣówándé wí. "Irin tó jókòó lásán ni. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, ẹsẹ̀ mi ò ní lè tẹ ilé yín mọ́."

Àwẹ̀ró mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ náà kó tó kọrí sí ààfin.

Níwájú ọba, Ọ̀jẹ́wálé jẹ́wọ́ pé òun gun àjà, Ṣówándé sì dúró nísàlẹ̀, ó gba ìkòkò. Àwọn ìjòyè ní kí wọ́n lé Ọ̀jẹ́wálé, kí wọ́n fi Ṣówándé sílẹ̀, torí òun kò gun àjà ẹnikẹ́ni.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, èèyàn mẹ́ta ló gbé ìkòkò yẹn gòkè. Ta ló lè dá a gbé sọ̀ kalẹ̀? Ká ní kò sí ọwọ́ tó nà sókè láti gbà á ni, epo mi ì bá ṣì wà lájà. Àwọn méjì tí ẹ ti lé lọ ńkọ́, ta ló ń gba irin lọ́wọ́ wọn?"

Ṣówándé ò lè gbójú sókè. Lọ́jọ́ náà ni ọba ṣe òfin mìíràn: alágbẹ̀dẹ tó bá gba ògbólógbòó irin láìjẹ́ pé olóhun wá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí sí i, wọn yóò paná àgbẹ̀dẹ rẹ̀. Ti Ṣówándé ni wọ́n kọ́kọ́ pa. Kí iṣu tuntun tó jáde, ọkọ́ ti ń sun oko láìsọnù.

Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró lójú ọ̀nà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bá a délé. Bó bá di ọjọ́ ọjà, á gbé àpótí síta, á máa wo ọ̀nà. Aládùúgbò kan bi í bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní òun ò kábàámọ̀, ilé ló kàn tóbi jù.

Láti ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ni àwọn àgbà ti rí i sọ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.